Àmì Abẹ́ Lẹ́tà

Inú páálí mílíìkì ni mo gbé e dé,
ìwádìí bàbá mi lórí orúkọ igi, tó fi Yorùbá kọ,
ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá,
tí ikán ti tọ́ wò létí, tí kò jẹ tán.
Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ, Ṣeyìí lorúkọ rẹ̀,
fẹnu fẹ́ ẹ, eruku Àkúrẹ́ dìde,
eruku ọyẹ́ lórí eruku ogójì ọdún.
Ó ní, "Ẹ jókòó, mà. Àká ìwé yunifásítì wa kò ní ilẹ̀kùn.
Ohun tí a bá kó síbẹ̀ lónìí,
ọmọ Ìdànrè kan lè kà á lórí fóònù lọ́la,
kó má san kọ́bọ̀."

Bàbá mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.
Àpótí onírin ló kó o sí, kọ́kọ́rọ́ ń jó lára bẹ́líìtì rẹ̀.
"Wọn á jí i," ló máa ń wí,
"wọn á fi iṣẹ́ mi di ọ̀jọ̀gbọ́n."
Kò sẹ́ni tó jí i.
Ikán nìkan ló kà á.

Ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ ń lọ, ó ń bọ̀,
bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ lórí ẹní.
Mo rí arère, àfàrà, ìdígbò, ọ̀gànwó,
igi etí odò Àlà, kí ilé tó jẹ wọ́n run.
Mo dé ojú ewé kẹta, mo ní, "Dúró ná."
Àmì ti lọ.
Ẹ̀rọ ka àmì abẹ́ lẹ́tà sí ìdọ̀tí,
ó gbá wọn dànù bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń wá ìyìn.
Ọgbẹ́ ara igi ti di ogbe àkùkọ.

Ṣeyìí ní, "Yíǹkì bírò lásán ni, mà, kì í ṣe ara taípúráítà."
Mo mọ̀.
Taípúráítà ṣọ́ọ̀bù Arákàlẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá;
òkè òkun ni wọ́n ti rọ ọ́, kò ní àmì nínú eyín.
Ìyá mi, Ìbíjọkẹ́ atẹ̀wé, ló ń fi bírò kán wọn sí i
bí ẹni ń kán oògùn sójú ọmọ,
lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí NEPA bá ti mú iná lọ,
àtùpà lápá òsì rẹ̀, èmi lápá ọ̀tún,
tí mò ń ka ọ̀rọ̀ sókè kí oorun má baà gbé e lọ.
Ìka rẹ̀ búlúù di àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi;
ìka búlúù yẹn ló fi gba àkàrà Olúwa.

Mo ṣí ojú ewé ìdúpẹ́.
Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ alábòójútó,
lọ́wọ́ awakọ̀ tó gbé e wọgbó,
lọ́wọ́ ajá tó gbó nígbà tí erè yọ.
Ajá.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí Ìbíjọkẹ́ níbẹ̀.

Fọ́ọ̀mù béèrè: Ta ló kọ ọ́?
Mo kọ orúkọ bàbá mi, mi ò yọ lẹ́tà kan.
Ó béèrè: Ta ni kó rí i?
Mo ní gbogbo ayé.
Ó béèrè: Ta ló tún lọ́wọ́ sí i?
Ṣeyìí ní, "Ẹ lè fo èyí, mà, kò pọn dandan."
Ó pọn dandan.
Mo tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, ìka kan ṣoṣo, bí adìyẹ tó ń ṣa ọkà:
Ìbíjọkẹ́ Akínrìnlọlá,
ẹni tó fi àmì sí i.
Mo wá èyí tí ń jókòó sábẹ́ o, mo wá ti abẹ́ e,
mi ò gbọ́wọ́ kúrò títí orúkọ rẹ̀ fi pé.

A tún gbogbo rẹ̀ yà látìbẹ̀rẹ̀.
Àwọn àmì padà, ìdọ̀tí náà bá wọn padà,
àti àbàwọ́n epo kan lójú ewé àádọ́rùn-ún, tó rí bí etí ọmọdé.
"Ṣé kí n pa èyí rẹ́?"
Mo ní rárá o, fi sílẹ̀.
Bí ọmọ Ìdànrè yẹn bá kà á débẹ̀,
kó mọ̀ pé ẹnìkan jẹ dòdò lórí iṣẹ́ yìí,
tí kò sì dìde.