Òṣùwọ̀n Kájú ní Ṣọ́ọ̀bù Ráúfù

Mo so òṣùwọ̀n kájú mi mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà
láti Arówómọlẹ̀ títí dé Tákíẹ́.
Gbádégẹṣin fọwọ́ bojú.
"Bàbá, wọn kì í fi kílò ra kọ̀ǹpútà."
Mo ní ta ló sọ fún ọ?
Ohun tí o máa gbé kọ́ èjìká lójoojúmọ́
láti Ọ́ńdà-Jí dé kíláàsì, nínú oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà,
ṣé kò ní ìwọ̀n ni?

Ọ̀kẹ́ mẹ́rìndínlógún náírà ló wà lápò mi,
kò lé, kò dín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á.

Ráúfù gbé ọ̀kan jáde, dúdú bíi kóró iṣin,
iná pupa ń jó lábẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀.
"Èyí! Kò sí géèmù tí kò lè gbé."
Ojú ọmọ mi tàn.
Mo gbé e lé òṣùwọ̀n: kílò mẹ́ta ó lé díẹ̀.
Mo ní ṣájà rẹ̀ dà?
Ṣájà náà tó búlọ́ọ̀kù.
A fi kún un, abẹ́rẹ́ fẹ́ẹ̀ kan mẹ́rin.
Bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́?
Ráúfù họrí. "Á lo wákàtí kan... bí wọn ò bá ta géèmù."
Wákàtí kan,
ní ìlú tí iná ń wá bí àna tó kàn yà kíni,
tí kò ní jókòó!

Ó gbé òmíràn wá, tẹ́ẹ́rẹ́, aláwọ̀ fàdákà,
kílò kan àti díẹ̀. Inú mi dùn sí i.
Gbádégẹṣin tan bọ́ọ̀lù sí i:
àwọn agbábọ́ọ̀lù ń rìn bí ẹni tó tẹ ẹ̀gún mọ́lẹ̀.
Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan.
Ó kàn pa á dé, jẹ́jẹ́,
bí ẹni ń pa ojú òkú dé.

Ìyá rẹ̀ ti bi mí nílé: ṣé géèmù ló ń lọ kà ni?
Mi ò dá a lóhùn.
Ohun tí mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan
ni pé mo ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù nígbà kan,
ìdérí igo mọ́kànlá nínú agolo mílíìkì,
mo fi èédú kọ nọ́ńbà sí wọn lórí.
Bẹ́ǹṣì ni pápá, bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì ni bọ́ọ̀lù,
èmi àti Lásísì ará ilé kejì.
Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan bàbá mi kó gbogbo wọn,
ó dà wọ́n sí kànga. Ó ní kí n gbájú mọ́ ìwé.
Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kan omi,
mo kà á: mẹ́wàá.
Mi ò mọ ibi tí ìkọkànlá wọlé sí.
Ìwé náà, mi ò sì kà á dé ibì kankan.

Mo ní, "Ráúfù, ṣé kò sí èyí tó wà láàárín?"
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ọ̀kan yọ lábẹ́ tábìlì,
tòkunbọ̀ tí igun rẹ̀ kan ti há.
Kílò méjì géérégé. Wákàtí mẹ́rin fún ìwé,
fún eré, kó má parọ́, méjì.
Bọ́ọ̀lù ń sáré nínú rẹ̀.
Lẹ́tà G ti parẹ́ lójú bọ́tìnnì.
Gbádégẹṣin ní òun mọ ibi tó wà,
orúkọ òun ló bẹ̀rẹ̀.
Ọ̀kẹ́ méjìdínlógún ni Ráúfù pè é.
Mo fi kájú sísun ìgò mẹ́fà bá a parí ìyókù.

Lálẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ wá."
Ó fi ìka mi lé ibi tí màá máa tẹ̀.
Àwọn tèmi jáde sí pápá, aláwọ̀ ewé.
Mo ní kó dúró ná.
Mo kà wọ́n.
Wọ́n pé.

Iná lọ. Kò sẹ́ni tó dìde.
Ó ti nà mí ní mẹ́rin sí òdo.