Okùn Ọwọ́ Heulwen

Máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi, Cadi, má sáré ṣíwájú.
Òjò Wales kò le, kò sì dá;
ó kàn ń sẹ̀ bí ẹni ń rojọ́ tí kò ní í tán,
òkè tí a ti ń wa èédú nígbà kan ti dé fìlà ìkùukùu.
Lánàá, ọ̀nà etí odò la gbà.
Lónìí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni.
Lọ́la, èmi gan-an kò tíì mọ̀,
torí ẹni tó ń ṣọ́ni kò gbọdọ̀ mọ̀ ṣáájú ẹni.

Mo ti yọ orúkọ rẹ kúrò lára ìdè ọrùn rẹ.
Nọ́ńbà fóònù mi nìkan ló kù níbẹ̀.
Olè tó bá mọ orúkọ ajá ti ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́:
á pè ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ á ju ìrù,
ìwọ tí o kò gbà pé ènìyàn burúkú wà láyé,
ìwọ tó ń kí apínlẹ́tà bí ẹni pé owó oṣù rẹ ló gbé wá.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni.
Heulwen so Nel mọ́ òpó lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì,
ó ra búrẹ́dì kan, ó gba ṣénjì,
ó bá Gethin sọ̀rọ̀ orúnkún tó ń dùn ún, díẹ̀ báyìí,
ó jáde, ó bá òpó.
Òpó dúró ṣinṣin. Òpó kò rí nǹkan kan.
Ìdajì okùn wà nílẹ̀, ojú ọ̀bẹ hàn lára rẹ̀.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Bóyá ti ajá mìíràn nìyẹn.
Nel gbọ́ fèrè. Etí rẹ̀ mú ju tèmi lọ.
Inú ọkọ̀ ni wọ́n tì í mọ́, ilẹ̀kùn irin kò sì mọ fèrè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkọ̀ funfun kan rọra ń bá wa rìn.
Ọmọkùnrin inú rẹ̀ sọ gíláàsì kalẹ̀:
“Bàbá, ajá yín mà dára o. Ọmọ ọdún mélòó ni?
Ṣé ó ti bímọ rí?”
Ìbéèrè kìíní, ìfẹ́ ni. Ìkejì, ọjà ni.
Mo ní, “Ó ti darúgbó, ó ń ṣàìsàn, kò lè bímọ.”
Ìwọ, aláìnítìjú, o fò sókè bí ọmọ ewúrẹ́,
o sọ mí di onírọ́ lójú títì.
Mo fa okùn rẹ. Mo ka nọ́ńbà ọkọ̀ náà sókè
pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń pe àwọn ènìyàn mi nísàlẹ̀ ilẹ̀
nígbà tí òrùlé ihò èédú bá ń ké.
Ọkọ̀ náà rántí ibi tó ń lọ.

Inú mi kò dùn sí ohun tí mò ń kọ́ ọ.
Ní àdúgbò yìí, nígbà tí mo wà lọ́mọdé,
ilẹ̀kùn kò ní kọ́kọ́rọ́, ajá kò ní olówó kan pàtó;
ilé tí ọbẹ̀ bá ti ta sánsán ló ń sùn.
Báyìí, bísíkíìtì wà lápò mi,
mo fi ń sanwó fún ọ kí o lè kẹ̀yìn sí àlejò.
Ta ló gbọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ rí?
Ogún ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n máa kíni.

Ẹ̀n-ẹ́n, Heulwen rèé lórí afárá.
Oṣù mẹ́rin rèé, ó ṣì ń jáde ní aago méje,
bàtà òjò lẹ́sẹ̀, okùn gígé lọ́wọ́,
ó ń rin ìrìn ajá láìní ajá.
Ó lẹ àwòrán mọ́ igi títí igi fi tán,
òjò sì ti fọ ojú Nel dànù.
Kò kí wa. Ó fi ìka méjì sẹ́nu, ó súfèé sí òkè,
ẹ̀ẹ̀mejì kúkúrú, ẹ̀ẹ̀kan gígùn.

Etí rẹ dìde.
Mo di okùn rẹ mú. Lẹ́yìn náà, mo tú u.
Lọ, Cadi.
Lọ bá a. Ó pè.
Mò ń wò yín láti ibí.