Ìṣó Pátákò

Àárọ̀ mẹ́ta léra ni mo ti bá a tó rọ̀ wálẹ̀,
táyà ẹ̀yìn lápá òsì,
ó tẹ́ sílẹ̀ bí ikùn ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.
Mo fún un ní afẹ́fẹ́, ó gbà.
Ilẹ̀ tún mọ́, ó ti dá a padà fún ìjì.

Ìjì Patagóníà kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Òun ló tẹ gbogbo igi ìlú wa sápá ìlà-oòrùn,
òun ló gbé ilẹ̀kùn ilé adìyẹ Nélida lọ lóṣù Kẹjọ,
a ò rí i títí dòní.

Río Mayo lẹni tó ń lẹ táyà wà,
àádóje kìlómítà, òkúta wẹ́wẹ́ lójú ọ̀nà.
Kí n tó débẹ̀, rímù ni n ó máa gùn.
Eleuterio bàbá mi ìbá ti rẹ́rìn-ín:
“Millaray, táyà kì í purọ́.
Àwa la kì í bi í bó ṣe yẹ.”

Mo ki jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀.
Nọ́ọ̀tì kẹrin kọ̀ jálẹ̀;
mo gun orí sípánà, mo fò lẹ́ẹ̀mejì, ó ké, ó gbà.

Ọṣẹ ìfọṣọ nínú garawa. Kànìnkànìn.
Mò ń yí táyà díẹ̀díẹ̀,
ìjì ń já ìfófó gbà kí ojú mi tó tó o.
Mo bọ́ ẹ̀wù òtútù, mo fi ṣe ògiri.
Mo tẹ etí sí i.

Ó wá sọ̀rọ̀.
Ìfófó kan, kékeré bí ojú ẹyẹ,
ó wú, ó bẹ́, òmíràn yọ níbẹ̀.

Kì í ṣe ìṣó pákó ni mo fi ẹ̀mú fà yọ.
Ìṣó pátákò ẹṣin ni, orí rẹ̀ ti jẹ tán,
irú èyí tí Bàbá máa ń há sáàárín eyín
bó bá ń kan bàtà irin fún Tordillo.
Ẹṣin náà kú. Lọ́dún kejì, ẹni tó ń kan bàtà fún un tẹ̀ lé e.
Ìṣó ṣì ń rìn kiri àgbàlá.
Ta ló ń wá?

N ò sunkún, ọwọ́ mi dí.
Mo fi irin gbo ihò náà,
mo fi gọ́ọ̀mù pa okùn rọ́bà,
mo fi àyà ti abẹ́rẹ́ ńlá wọlé, mo fà á yọ lójijì.
Okùn dúró. Mo gé ìrù rẹ̀.
Mo tutọ́ sí i lójú:
kò hó.

Ó dọ̀la ná, kí n tó yangàn.
Ìṣó wà lápò mi, ó ń gún mi nítan
bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ wo àwọn àgùntàn.