Ọ̀gbẹlẹ̀ ni a lọ

A fi ọ̀kadà sílẹ̀ lẹ́yìn Òkè-Òde,
nídìí igi òrí tí ọyẹ́ ti bó lára.
Ìbíwoyè ṣáájú, àdá lọ́wọ́,
bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan pupa, ẹsẹ̀ kejì dúdú.
“Ó ku díẹ̀.” Díẹ̀ yẹn gun òkè mẹ́ta,
ó mu omi inú ike mi tán.

Wọ́n ní omi tó ń já lórí àpáta ọ̀hún
a máa bú ramúramù,
pé èèyàn kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀ níbẹ̀.
Ohun tí mo bá:
òkúta gàgàrà, ewé gbígbẹ,
omi tín-ín-rín bí òwú inú abẹ́rẹ́.

Mo fẹ́ bínú.
Ìbíwoyè ti fi etí lé àpáta.
“Wá gbọ́.”

Tó.

Ó pẹ́.

Tó.

Títí oòrùn fi yẹ̀,
n ò gbọ́ ohùn ara mi.