Ọ̀fun Mẹ́rin

Alùpùpù tí àbúrò mi fi sílẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú
ń wúkọ́ láti ọjọ́ Àlàmísì.
Bí mo bá dúró díẹ̀ ní Ọláìyá,
á máa gbọ̀n bí ẹni ibà dá dúró,
àwọn ọlọ́kadà á yọjú, wọ́n á ní:
"Tíṣà, ẹ tà á."

N ò tà á.
Ẹ́ńjìnnì ọlọ́fun mẹ́rin ni,
mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló yẹ kó jọ máa mí,
bí àwọn tó gbé igi àjà lọ sókè ilé:
ẹni tó bá sáré jù, ẹni tó bá rọra jù,
èjìká ẹlòmíràn ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Owó tí mẹkáníìkì Òkè-Fíà pè,
mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìka, mo bá padà sílé.
Mo wá pákó kan lẹ́yìnkùlé,
mo to rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin sí i lára,
irú èyí tí ń fa omi sára aláìsàn.
Ojúọlápé ìyàwó mi ló mú wọn wá láti Asúbíaró lánàá,
tuntun, wọn ò tí ì kan ara ẹnikẹ́ni.
Ó gbé wọn lé tábìlì, kò wí nǹkan.
Ọjọ́ kẹta nìyẹn tá a ti ń kí ara wa bí àlejò.

Mo ti ẹsẹ̀ rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ inú igò kan,
ọ́ìlì jíà pupa ló wà nínú rẹ̀.
Mo fi orí wọn há ẹ̀yìn ọ̀fun lọ́kọ̀ọ̀kan.
Mo tẹ bọ́tìnnì.
Ọ́ìlì gbéra.
Ẹni tó ń fà jù, tirẹ̀ ló ga jù.
Ẹ wo ìkíní bó ṣe ń gòkè bí ọmọ tó rí ìyá rẹ̀ lókèèrè!
Ẹ wo ìkẹta nílẹ̀ẹ́lẹ̀,
ó kàn ń fètè kan ọ́ìlì.

Ìbídàpọ̀ ló ń tan tọ́ọ̀ṣì fún mi.
Mo yí súkúrù díẹ̀:
ìkejì bọ́ sílẹ̀, ìkẹrin dìde.
Mo yí i padà: ìkẹrin sọ̀, ìkíní bínú.
Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú.
Ọmọ ní, "Bàbá mi, ẹ jẹ́ n fún un níná díẹ̀."
N ò tí ì dáhùn tó fi lọ́ ọ.
Gbùùrù!
Ìkíní mu ọ́ìlì, ó mu ún kanlẹ̀,
ó tú u jáde léèéfín funfun
tó bo okùn aṣọ, tó bo adìẹ, tó fo ògiri.
Àlàájì Kàmọ́rù ké láti ọ̀dọ̀ wọn:
"Tíṣà! Ṣé oko lẹ ń sun ni?"

Ni mo bá jókòó lórí búlọ́ọ̀kù.
Wọ́n tún ti mú iná lọ.

Ojúọlápé jáde, kò tí ì bọ́ aṣọ iṣẹ́,
ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.
Ó ní: "Ẹ tún tan án."
Ó bẹ̀rẹ̀,
ó ń fi ojú irin kékeré náà rìn lára ẹ́ńjìnnì
bó ṣe máa ń fi rìn lẹ́yìn ọmọ tí òtútù mú.
Ìkíní. Ìkejì.
Ní ìkẹta, ó dúró.
"Kì í ṣe súkúrù ló yẹ kẹ́ ẹ máa bá jà.
Nǹkan kan ń súfèé níbí."
Mo fìka wá a: rọ́bà ọrùn ti là,
ó là tínńrín bí ètè nígbà ọyẹ́,
atẹ́gùn olè ń gba ibẹ̀ wọlé.
Láti àárọ̀ ni mo ti ń dá àwọn mẹ́ta yòókù lẹ́jọ́.

Mo pa á. Mo gé tíúùbù kẹ̀kẹ́ àtijọ́,
mo wé e mọ́ ọn lọ́rùn, mo fi wáyà dì í.
Mo tún tan án.
Títí mo fi yí súkúrù tán,
mẹ́ta ti gún régé sí ìlà báírò tí mo fà sára pákó;
ìkẹrin fi ìwọ̀n irun kan rẹlẹ̀.
"Ó kù díẹ̀," mo wí.
Ó yọ ẹ̀rọ létí, ó wò mí.
"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo fi í sílẹ̀.
Ẹ́ńjìnnì ń dún kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nínú òkùnkùn,
a jọ dúró tì í.
Ó bi mí pé kí ni mo jẹ lọ́sàn-án.
Mo ní gààrí.
Ó ní òun náà.