Gbódòfọ̀n, lẹ́yìn òjò

Mojírọ́lá gbé kọ̀ǹpútà lé iwájú ọkọ̀
níbi tí àgbàrá ti wọ́ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ.
"Ògiri létí odò? Ogójì mílíọ̀nù.
Ká máa kó ẹrẹ̀? Mẹ́wàá, lọ́dọọdún."
Ó tún tẹ̀ ẹ́.
Àwọ̀ pupa kúrò lẹ́sẹ̀ wa, ó rá gòkè,
ó dúró lórí òkè tí wọ́n ti gégi tán.
"Ọparun. Mílíọ̀nù mẹ́ta."

Kánsẹ́lọ̀ fajú ro:
ta ló ń gé ríbọ́ọ̀nù nídìí ọparun?

Bàbá Oyèékànmí rẹ́rìn-ín.
"Òkè lodò ti ń dàrú wá, ẹ̀rọ yín ò purọ́.
Ṣùgbọ́n ta ni yóò bomi rin ín lẹ́ẹ̀rùn?"

Kò síbi tí wọ́n ń tẹ fún ìyẹn.
Mojírọ́lá yọ bírò,
ó kọ nọ́ńbà bàbá sí àtẹ́lẹwọ́.