Agolo Kẹfà

Ọdún tí owó kòkó já lulẹ̀ ni Bàbá Awórìndé
fi iṣẹ́ òṣómàáló sílẹ̀.
Ó ní òun ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí,
orúnkún òun ti ń dún bí ilẹ̀kùn.
Ó ra ẹ̀rọ sinimá lọ́wọ́ Kòráà kan n'Ìbàdàn,
ó ta aṣọ funfun sára ògiri ilé kòkó n'Íjọkà:
tọ́rọ́ fún ọmọdé, sísì fún àgbà,
bí o gbé àpótí ìjókòó tìrẹ wá, kò sí ẹ̀dínwó.

Àwòrán tí ń rìn ni.
Ọwọ́ ni wọ́n fi yà á ní Japáànù, ẹyọ kọ̀ọ̀kan,
títí omi fi ń bọ́ lójú àwọn tó ń yà á.
Ọmọbìnrin kan ni, ìjì jí ohùn àbúrò rẹ̀ kó,
ó gun akàn olójú kan kọjá òkun
láti lọ bá ọba ìjì ṣírò.
Bàbá Awórìndé ní, "Ẹ wò ó, Ìjẹ̀ṣà lọmọ yìí."

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn ọ̀la nìyí:
Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ gbà á, wọ́n sì gé e,
wọ́n ní ó gùn jù, ọmọ àwọn ò ní lè jókòó.
Ibi tí òjò kàn ń rọ̀ sórí ewé, tẹ́nikẹ́ni ò sọ̀rọ̀,
wọ́n fi ọkùnrin kan síbẹ̀ tí ń ṣàlàyé òjò.
Wọ́n pa orúkọ ọmọ náà dà sí Pẹ́gì.
Lọ́ńdọ̀nù gbà á, Èkó gbà á.
Agolo mẹ́fà ló kúrò ní èbúté,
márùn-ún ló sọ̀ n'Íléṣà.

Pẹ́gì, Pẹ́gì, ni wọ́n ń pè lálẹ́ ọjọ́ náà.
Àfi ẹ̀ẹ̀kan péré, tọ́mọ náà ń wọnú omi,
tí ìyá rẹ̀ sáré jáde tòun tìgbálẹ̀ lọ́wọ́
(bóyá ẹni tó ń gé e ti sùn lọ),
obìnrin náà ké ní èdè tirẹ̀:
Káyọ̀! Káyọ̀!
Fìkáyọ̀ àbúrò mi, lórí àpò kòkó, dáhùn:
"Mò ń bọ̀ o!"
Gbogbo ilé kòkó bú sẹ́rìn-ín.
Èmi ò rín.
Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Yèyé ń pè é tílẹ̀ bá ti ṣú:
Káyọ̀, wá ulé.

Agolo karùn-ún tán. Ọmọ náà lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ìjì,
ó gbọ́wọ́ sókè, ó fẹ́ kanlẹ̀kùn,
aṣọ di funfun.
"Ó parí," ni Bàbá Awórìndé wí.
Ẹnìkan sọ èèpo ọsàn lù ú.

Kílẹ̀ tó mọ́, Fìkáyọ̀ ti fèédú ya ìyókù sára ògiri.
Ilẹ̀kùn ṣí. Kò sọ́ba níbẹ̀ rárá,
ìkòkò ló kún yàrá, ohùn kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan,
akàn ń fetí sí wọn léraléra.
Onílé kòkó gbá a létí méjì.
Ṣùgbọ́n nígbà tó dalẹ́, bí agolo karùn-ún ti tán,
Bàbá Awórìndé fa aṣọ wálẹ̀, ó gbé àtùpà sókè,
ó ní, "Fìkáyọ̀, parí ẹ̀ fún wọn."
Oṣù mẹ́rin la fi wò ó bẹ́ẹ̀.

Ara ọkọ̀ akẹ́rù ló padà ń kùn.
Akàn olójú kan ti Íléṣà dé Jọ́ọ̀sì, ó dé Ṣókótó,
dẹ́rẹ́bà ò mọ ohun tó túmọ̀ sí,
wọ́n ní ó ń lé jàǹbá.

Ọdún kẹta rèé tí Fìkáyọ̀ ti lọ.
Ìbídùn ọmọ ọmọ mi bá fíìmù náà lórí fóònù, odindi.
Òjò rọ̀ sórí ewé, kò sẹ́ni tó ṣàlàyé.
Ọmọ náà dénú ọ̀nà ìjì, ó gbọ́wọ́ sókè.
Mo ní, "Dá a dúró."
"Màmá, ó kù díẹ̀ kó parí."
Mo ní kó dá a padà síbi ìgbálẹ̀.
Ó dá a padà.
Mo ní kó tún dá a padà.